Òdo tí Màmá Tíṣà Fún Ara Rẹ̀

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màmá Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun gba máàkì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ìṣirò títí, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjìlá, tó wá gbàgbé láti kọ ọ́ bóyá mítà ni tàbí kílò, Màmá Tíṣà á fa bírò pupa gbọọrọ lé e lórí. Á ní, “Méjìlá kí ni? Ewúrẹ́ méjìlá ni àbí ọjọ́ méjìlá?” Máàkì méjì á sì bá ibẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ náà fi ní òun ń fẹ̀yìn tì. Bó ṣe kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nìyẹn, aránṣọ tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún un ní yàrá, kó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti mọ iye táìlì tó wà nílẹ̀ pálọ̀ (igba ó lé mẹ́rìnlá, mẹ́ta ti sán), ó ti mọ iye ìṣísẹ̀ láti ibùsùn rẹ̀ dé ilé ìdáná (méjìdínlógún, bí orúnkún bá gbọ́ràn), ó sì ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bọ́tìnnì méje ló yẹ kó wà lára kóòtù kan tó fi mẹ́fà sí. Ọmọ rẹ̀ ní kó lọ sinmi. Ìsinmi gan-an ni kò bá a lára mu.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀, iṣẹ́ kámẹ́rà ló ń ṣe, àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé sára ògiri kó máa ṣọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Kò sí ẹni tó ń tẹ́ wáyà lọ geere bíi tirẹ̀ ládùúgbò náà. Ibi tí àléébù rẹ̀ wà ni pé bí oníbàárà bá bi í pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ yóò lè pa àwòrán mọ́, á gbójú sókè wo àjà, á fọwọ́ ha ẹ̀yìn etí, á wá ní, “A máa fi dísìkì kan tó tóbi díẹ̀ sí i. Ó máa tó.” Nígbà tó ti wí i títí, Ó-Máa-Tó ni gbogbo títì ń pè é, ìyàwó rẹ̀ pàápàá sì ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀ kò jà rí. Wọn kò sì tíì sọ̀rọ̀ tó kọjá ìkíni rí. Òun á ní, “Ẹ káàárọ̀, mà,” Màmá Tíṣà á ní, “Ẹ káàárọ̀, àna mi, ṣé ẹ sùn dáadáa?” “Ẹ” níhìn-ín, “ẹ” lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí àlejò méjì bá jọ ń dúró de dókítà. Ọdún kẹfà ìgbéyàwó rèé tí ọ̀rọ̀ ti wà bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìkángun títì wọlé wá. Oníkẹ́míìsì ni wọ́n ń pè é. Kò jókòó.

“Ọkọ aránṣọ,” ló pe Ó-Máa-Tó, “ọjọ́ mélòó lẹ ní kámẹ́rà yín á máa rántí nǹkan?”

“Oṣù kan, mà.”

“Ẹnì kan gbé àga funfun tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Mo mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó ti di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ ń dùn mí tí mò ń wá ibi tí mo máa jókòó sí. Mo ṣí ẹ̀rọ yín wò. Ọjọ́ mọ́kànlá àti ààbọ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, ó ti pa á rẹ́, ó ti fi tuntun bò ó mọ́lẹ̀.”

Ó-Máa-Tó gbójú sókè wo àjà. “Mo máa wá fi dísìkì kejì sí i lónìí. Ó má—” Ojú òun àti ti Oníkẹ́míìsì ṣe mẹ́rin, ó sì gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì.

Nínú yàrá ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Màmá Tíṣà ń ka ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ọjọ́ mọ́kànlá àti ààbọ̀, kò ka ìlà kan mọ́. Ó dúró títí Oníkẹ́míìsì fi lọ. Ó wá jáde.

“Àna mi, ẹ má bínú o. Báwo lẹ ṣe ṣírò rẹ̀?”

“Kí ni, mà?”

“Dísìkì náà.”

“Ẹ̀ẹ́n... ó ti mọ́ mi lára ni, mà. Tí mo bá ti rí ilé kan, mo máa ń mọ̀.”

“Ẹ máa ń mọ̀,” ni Màmá Tíṣà wí tẹ̀lé e, bí ẹni tó ń ka ìdáhùn burúkú sókè fún gbogbo kíláàsì.

Ojú ti Ó-Máa-Tó díẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó ní kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ kan, dísìkì inú ẹ̀rọ náà ló ń pa á mọ́, bí dísìkì bá sì ti kún, àwòrán tó pẹ́ jù ló máa kọ́kọ́ pa rẹ́ láti fi àyè gba tuntun. Ó ní àwọn kámẹ́rà tí òun ń lò, mẹ́gà mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

“Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló wà nínú ọjọ́ kan?”

Ó-Máa-Tó tún wo àjà.

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ó lé irinwó,” ni Màmá Tíṣà wí. Àfi bí ẹni pé ó ti ń fi í sápò kiri láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá ẹni tó máa bi òun.

Ó-Máa-Tó rọra jókòó sórí apá àga. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ní iye. Ó wá sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóòmù ìbùsùn, kámẹ́rà mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sì fẹ́ kí àwòrán máa wà. Lọ́jọ́rú ni wọ́n fẹ́ gbọ́ iye dísìkì tó máa gbà. Ó ní mẹ́ta lòun ń rò.

“Mẹ́ta kí ni?”

“Dísìkì onítẹ́rà mẹ́rin-mẹ́rin, mà.”

“Ẹ bá mi wá kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá,” ni Màmá Tíṣà wí. “Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.”

Gbogbo ọ̀sán yẹn ni ó fi jókòó ti ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Ara rẹ̀ yá débi pé ó gbàgbé orúnkún. Kámẹ́rà mẹ́rìnlélógún lọ́nà mẹ́rin, ó jẹ́ mẹ́gà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó fi ìṣẹ́jú-àáyá ọjọ́ kan sọ ọ́ di púpọ̀, ó fi ẹgbẹ̀rún pín in kó lè di gígà, ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, ó tún fi ẹgbẹ̀rún pín in kó lè di tẹ́rà. Ìdáhùn jẹ́ tẹ́rà òjìlénígba ó lé mẹ́sàn-án. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ó-Máa-Tó wo ìdáhùn náà, ó tún un wò. Dísìkì mẹ́tàlélọ́gọ́ta nìyẹn. Nǹkan kan ń sọ fún un nínú pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wí fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tíṣà ìṣirò ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, pé nǹkan kan ń sọ fún òun nínú? Ó ní, “Ó pọ̀ díẹ̀, mà.”

“Bó ṣe jẹ́ nìyẹn,” ni Màmá Tíṣà wí. “Tí ẹ kò bá ní í bínú, mo máa tẹ̀lé yín lọ, torí wọ́n lè bi yín ní ìbéèrè.”

Lọ́jọ́rú ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tó fi máa ń lọ bá àwọn òbí ṣe ìpàdé. Fóòmù kún ilé-iṣẹ́ náà látilẹ̀ dé òkè, débi pé béèyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn ògiri á gbé ohùn rẹ̀ mì. Síbẹ̀ nínú gbogbo fóòmù yìí, àga onírin ni wọ́n gbé fún àlejò. Èèyàn méjì ló jókòó dè wọ́n. Ọ̀kan ni máníjà, ọkùnrin sísanra kan tó sọ pé fóòmù mẹ́ta ti sọnù ní oṣù yẹn, tí kò sì rí oorun sùn dáadáa mọ́. Èkejì ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ jígí ńlá, òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti wáyà ilé-iṣẹ́ náà. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Màmá Tíṣà dìde, ó tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí tábìlì, ó sì ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn rẹ̀ lọ geere. Nígbà tó dé ibi ìlà méjì, máníjà gbá orí mú.

“Dísìkì mẹ́tàlélọ́gọ́ta? Màmá, ṣé fóòmù la fẹ́ ṣọ́ ni àbí ìtàn ayé la fẹ́ kọ sílẹ̀?”

Onígíláàsì ti fa kàlẹ́ńdà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó rọra fi ìka tọ́ ìlà àkọ́kọ́. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mẹ́gà mẹ́rin tí ẹ kọ síbí, mẹ́gà kí ni?”

“Ẹ ní kí ni?”

“Mẹ́gàbíìtì ni àbí mẹ́gàbáìtì, mà?”

Màmá Tíṣà tẹjú mọ́ ìlà àkọ́kọ́ náà. Ó wá fi ohùn kékeré béèrè pé, “Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?”

“Ìlọ́po mẹ́jọ ni, mà. Ohun tó ń gba inú wáyà kọjá, bíìtì la fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tó bá ti wọ inú dísìkì, báìtì la fi ń wọ̀n ọ́n. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Ó yẹ kí ẹ fi mẹ́jọ pín in.”

Ohùn ara rẹ̀ ni Màmá Tíṣà ń gbọ́ létí. Méjìlá kí ni? Mẹ́rin kí ni? Gbogbo ọmọ tó ti fa bírò pupa lé lórí láti ọdún wọ̀nyẹn, ó dà bíi pé wọ́n ti tò sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń yọjú.

Ó-Máa-Tó ló dìde. “Èmi ni mo jẹ̀bi,” ló wí. “Màmá bi mí ní iye tí kámẹ́rà ń fi ránṣẹ́, mo kàn pè é ní mẹ́gà lásán, mi ò parí ọ̀rọ̀. Ìṣirò wọn ò ní àṣìṣe kankan. Ohun tí mo fi lé wọn lọ́wọ́ ló ní àṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.”

Máníjà, tí orí ṣì ń fọ́ nítorí dísìkì mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ní kò burú.

Wọ́n délé, Màmá Tíṣà wọ yàrá, ó tú bírò pupa rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó kọ òdo gbàǹgbà sórí kàlẹ́ńdà náà, ó fa ìlà sábẹ́ òdo, ó kọ mẹ́wàá sábẹ́ ìlà. Ó wá gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa rí i.

Ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Àwọn oníbàárà mi ń bọ̀ wá wọn aṣọ.”

“Kí wọ́n wá kà á.”

“Kí ni kí n sọ fún wọn pé ó jẹ́?”

“Sọ fún wọn pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò.”

Kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ó-Máa-Tó wọlé, ó dúró níwájú òdo náà, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ pín in. Kí ẹ gba ìdajì, kí n gba ìdajì.”

Màmá Tíṣà yíjú sí i. “Ìdajì òdo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mélòó ló jẹ́?”

Ó-Máa-Tó fẹ́ gbójú wo àjà, ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu. “Òdo náà ni, mà.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá Tíṣà kó tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. “Jókòó jàre, ìwọ ọmọ yìí,” ló wí. “O jẹ mí ní gbèsè àlàyé lórí ọ̀rọ̀ tí o sọ níbẹ̀ yẹn. Ta ló ní kí o gba ẹ̀bi mi?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ lókè dákẹ́ lójijì. Ìwọ. Ọmọ yìí. O. Ọdún kẹfà rèé, kò sí ẹni tó tíì gbọ́ kí Màmá Tíṣà yọ “ẹ” kúrò lẹ́nu fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó-Máa-Tó jókòó, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, kò sì mọ ibi tó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí.

Màmá Tíṣà kò tiẹ̀ kíyè sí i. Ó ti ṣí kàlẹ́ńdà mìíràn. “Ohun tó dùn mí jù, ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi yẹ iṣẹ́ ara mi wò, mi ò lò ó. Kámẹ́rà mélòó ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Oníkẹ́míìsì?”

“Mẹ́jọ, mà.”

“Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin, mẹ́gàbíìtì méjìlélọ́gbọ̀n. Fi mẹ́jọ pín in.”

“Mẹ́rin. Mẹ́gàbáìtì mẹ́rin,” ni Ó-Máa-Tó wí, ó sì fa báìtì náà gùn kó má baà bọ́.

“Tí mẹ́gàbáìtì mẹ́rin bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, gígà ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́ta àti díẹ̀ ló ń wọlé lójúmọ́. Tẹ́rà mẹ́rin lo fún un. Ọjọ́ mélòó ló máa gbà kó tó kún?” Ó ṣe é lórí ìwé. Ọjọ́ mọ́kànlá àti ààbọ̀. “Bí obìnrin náà ṣe wí gẹ́lẹ́. Ká ní mo ti kọ́kọ́ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, ì bá ti yé mi pé tèmi ò lè rí bẹ́ẹ̀.”

Ó-Máa-Tó wá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé dísìkì kejì tó sáré lọ fi sí i lọ́jọ́ Sátidé náà kò tíì tó. Ó pa dà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ẹ̀kẹta sí i láìjẹ́ kí Oníkẹ́míìsì bi í. Àga funfun ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Lọ́jọ́bọ̀ kan náà, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé-iṣẹ́ fóòmù láti fi ojú ara wọn wo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Onígíláàsì mú wọn yíká. Màmá Tíṣà ń ka ìṣísẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibí yìí sì ni ojú Ó-Máa-Tó ti wúlò. Ó mọ ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti máa fọ́ kámẹ́rà lójú, ó mọ ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti máa kọ lù ú, ó sì mọ igun tí ó ṣókùnkùn tó dà bíi pé ó mọ́lẹ̀. Màmá Tíṣà ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ó jọ pé ohun tí ọmọ yìí ń pè ní “mo máa ń mọ̀” kì í ṣe irọ́ tán pátápátá. Ó kàn jẹ́ pé ìmọ̀ náà kì í dé orí dísìkì ni.

“Báwo ni àwòrán ṣe ń dé ọ́fíìsì láti ibí?” ló bi Onígíláàsì.

“Wáyà kan ló gba abẹ́ àgbàlá kọjá, mà. Ọgọ́rùn-ún ló lè gbé.”

“Ọgọ́rùn-ún kí ni?”

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mẹ́gàbíìtì, mà, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.”

“Kámẹ́rà wa máa lo mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú rẹ̀.”

“Ó máa—” ni Ó-Máa-Tó bẹ̀rẹ̀. Ó ronú. “Kò ní í tó,” ló wá wí, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó ń sọ èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

“Kí ló dé?”

“Àwọn náà ń lo wáyà yẹn fún iṣẹ́ tiwọn. Bí máníjà bá sì jókòó ní ọ́fíìsì, tó ń wo àwòrán tó ti wà nílẹ̀, wáyà inú ọ́fíìsì náà tún ń gbé ìyẹn.”

“Ó tún máa ń wo bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán,” ni Onígíláàsì fi kún un, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó wí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tún jókòó sórí àga onírin. Màmá Tíṣà ní kò sí ìdí tí gbogbo kámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ rí nǹkan dọ́gba. Mẹ́fà tó wà ní ẹnu ọ̀nà àti níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sí ọkọ̀, kí wọ́n máa fi mẹ́gàbíìtì mẹ́rin ránṣẹ́, torí ojú èèyàn àti nọ́ńbà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Méjìdínlógún tó kù, kí wọ́n máa fi méjì-méjì ránṣẹ́.

Máníjà kò fẹ́. Ó ní kí gbogbo rẹ̀ ríran dáadáa. Ó-Máa-Tó bá a sọ ọ́. “Ọ̀gá, ẹ wò ó, fóòmù kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gbé fóòmù kọjá láàárín ilé, ẹni tí jígí rẹ̀ fọ́ gan-an á rí i. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ níbẹ̀ ni pé fóòmù kan ń rìn lọ. Ẹni tó gbé e, ẹnu ọ̀nà la ti máa mọ̀ ọ́n.”

Máníjà ronú sí i, ó ní ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání.

Màmá Tíṣà wá ka iye rẹ̀. Mẹ́gàbíìtì ọgọ́ta lápapọ̀ nínú wáyà tó lè gbé ọgọ́rùn-ún, ogójì ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. “Àti fún àwọn nǹkan mìíràn tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán,” ló wí, láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Máníjà wúkọ́. Màmá Tíṣà fi mẹ́jọ pín ọgọ́ta, mẹ́gàbáìtì méje àti ààbọ̀. Lójúmọ́, gígàbáìtì ẹgbẹ̀ta ó lé méjìdínláàádọ́ta. Lóṣù, tẹ́ràbáìtì mọ́kàndínlógún àti díẹ̀. Ó fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e fún ohun téèyàn kò rò tẹ́lẹ̀. Dísìkì mẹ́fà.

“Mẹ́fà kí ni?” ni máníjà béèrè, tó rò pé òun náà lè dá àpárá.

“Dísìkì onítẹ́ràbáìtì mẹ́rin-mẹ́rin, sà,” ni Màmá Tíṣà wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ó-Máa-Tó tẹ́ wáyà rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ, ó mọ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Kò pé oṣù kan tí fóòmù mìíràn tún di àwátì nígbà tí wọ́n ń ka ọjà. Máníjà ní kí wọ́n wo àwòrán ọjọ́ tó ti kọjá. Wọ́n wò ó títí dé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọ́n sì rí fóòmù náà tó ń rìn lọ lórí méjì nínú àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Kò jáde ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́rùsí ló lọ, òun àti àwọn mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ tò síbẹ̀ ní ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì ti tẹ́ aṣọ lé wọn. Oorun ọ̀sán ni àwọn awakọ̀ ń sùn níbẹ̀. Máníjà bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ní nígbà tó lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fìdí lé ọ̀kan kó lè ronú ohun tó máa ṣe, ó sì tó wákàtí kan kó tó jáde.

Gbogbo èèyàn gbà pé iṣẹ́ náà dára. Màmá Tíṣà nìkan ni kò tíì gbà. Ó ti ka ọjọ́ lórí ògiri, nígbà tó sì di ogójì ọjọ́, ó ní kí Ó-Máa-Tó pe Onígíláàsì lórí fóònù kó bi í pé ọjọ́ mélòó ló wà nínú ẹ̀rọ.

“Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀, mà,” ni Ó-Máa-Tó wí nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. “Ọgbọ̀n la ṣèlérí.”

“Mẹ́tàdínlógójì ló yẹ kó jẹ́.”

“Ṣùgbọ́n mà, ó ju ohun tí wọ́n béèrè lọ.”

“Ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ sọnù. Fóòmù ni wọ́n ń wá níbẹ̀, èmi ń wá ọjọ́ mi. Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.”

Onígíláàsì ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi hàn án ohun tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́. Gbogbo wọn dúró níbi tó yẹ, àfi mẹ́ta tó wà ní yàrá tí wọ́n ti ń gé fóòmù. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ dípò méjì-méjì. Màmá Tíṣà ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Òun fi ojú òun rí yàrá yẹn, kò yàtọ̀ sí àwọn yàrá yòókù.

“Ìgbà wo lẹ rí i, mà?”

“Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí o mú wa yíká.”

“Wọ́n ti lọ jẹun nígbà yẹn,” ni Onígíláàsì wí. “Ẹ wá wò ó nísinsìnyí.”

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìgé ń ké, gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá náà sì kún fún ègé fóòmù kéékèèké tó ń fò lọ fò bọ̀, funfun báláú, wọn kò balẹ̀ rárá. Onígíláàsì sún mọ́ ọn létí. “Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́, mà, kámẹ́rà kì í tún un fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀. Ṣe ló kàn máa ń ní bó ṣe wà lánàá ló wà. Ohun tó bá ń mira ló ń gba àyè. Gbogbo ègé wọ̀nyí, ohun tuntun ni lójú kámẹ́rà, ní gbogbo ìgbà.”

Màmá Tíṣà béèrè àga. Onírin ni wọ́n gbé wá. Ó jókòó síbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ìwé rẹ̀ lórí itan, ó ń kọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró àti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, títí ìṣirò rẹ̀ fi bá ti kọ̀ǹpútà mu. Ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ rẹ̀ ló ń fò kiri lókè orí rẹ̀ yẹn. Nígbà tó jáde, irun rẹ̀, kóòtù eérú rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun.

Ó-Máa-Tó tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ na ọwọ́ láti gbọn ọ́n kúrò lórí rẹ̀, ó rántí ẹni tó jẹ́, ó fa ọwọ́ padà.

“Gbọ̀n ọ́n dànù,” ni Màmá Tíṣà wí. “O fẹ́ kí n máa gbé e lọ sílé ni?” Ó tẹ orí síwájú. Ó-Máa-Tó sì fi ìka méjì gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń nu lẹ́ńsì kámẹ́rà.

Iṣẹ́ tó kàn ni ilé ìkàwé kan, kámẹ́rà mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, Ó-Máa-Tó ti gbé àkàbà sọ̀kalẹ̀, ó ti ń wo igun òkè. Màmá Tíṣà lọ bá ẹ̀ṣọ́ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Wákàtí wo ni èrò máa ń pọ̀ jù níbí?”

“Aago mẹ́ta, mà, nígbà tí ilé ìwé bá jáde.”

Màmá Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gba àga lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà, ó gbé e sí abẹ́ ibòòji, ó na orúnkún ọ̀tún rẹ̀, ó sì jókòó de èrò náà.